Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Òkúta Olórin

Ilé Géètì, Itẹ́ Òkú
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Aláròyé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé bọ́ọ̀sì yẹn náà ló ṣì ń wà? Ẹ kú ìfaradà òtútù. Èmi náà wà níbí, a ò lè torí ìyà ká má dúpẹ́. Orúnkún mi ti ń dá ìpinnu tirẹ̀ ṣe láì bi mí. Etí mi sì ti kọ fóònù pátápátá, ariwo lásán ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o máa kọ̀wé, má rò pé ojú mi ni kò là.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi mú bírò nìyí. Àwọn ará káńsù ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní mo ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé èmi ni mi ò mọ̀. Tí ọdún yìí bá ti parí, kí n kó jáde nínú ilé géètì, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣọ́ itẹ́ òkú. Mi ò bá wọn jiyàn. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ẹni tó ń gbálẹ̀ fún òkú láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, tó wá funfun báyìí, ó yẹ kó rẹ̀ ẹ́.

O mọ ibí yìí, àárín sàréè Dókítà Àkọ́kọ́ àti ti Atẹ̀wé lo ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn. Gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀, wọn ò kúkú rí ibi lọ. Dókítà tó kú sí àárín àwọn aláìsàn rẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Atẹ̀wé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá àwọn èèyàn jà lórí àṣìkọ, tí wọ́n sì kọ ọdún ikú rẹ̀ ṣáájú ọdún ìbí rẹ̀ sára òkúta. Adájọ́ Àgbà. Olórin. Àwọn àlejò ṣì ń wá láti ọ̀nà jíjìn, mo sì ń mú wọn kiri, mo ń sọ ìtàn kan náà, wọ́n ń ya fọ́tò kan náà.

Àbúrò mi obìnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìwọ náà mọ àǹtí rẹ, ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Èmi tí mo ti bá àwọn tí kì í fèsì gbé pẹ́ tó báyìí, mi ò mọ̀ bóyá mo lè gba ti àǹtí rẹ.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé, ṣebí o lọ́mọ lókè òkun? Mo ní mo ní. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbé ìyá rẹ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, mo dá àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ dúró títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, mo ń wo géètì. O ní ibi iṣẹ́ ò yọ̀ǹda rẹ. Ibi iṣẹ́ wo ni kì í yọ̀ǹda ọmọ kó wá sin ìyá rẹ̀? Ó ti di ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mi ò lè máa jẹun nínú ilé ọmọ tí kò wá bu erùpẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lára. Mo sọ ọ́ síta kó má baà kan sí mi nínú. Wá wo sàréè ìyá rẹ ná, lẹ́yìn náà ká wá sọ ibi tí mo máa gbé.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn díẹ̀? Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó ṣì ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn èrò ṣì ń bú u, ó sì ṣì ń kí wọn káàárọ̀. Ibi iṣẹ́ tèmi náà ò yí padà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo ń kì sẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀, òun náà ni mo ń fà jáde nírọ̀lẹ́. Tí mo bá délé, ọwọ́ mi máa ń gbóná bíi pé mo ṣì dì í mú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará káńsù yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n inú mi tún dùn díẹ̀, kí n má purọ́. Bàbá, ẹ wá bá wa gbé. Yàrá kan wà nínú ilé wa tó ṣófo. Kò tóbi, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, a sì ti kùn ún. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Ọkọ mi ní ó ti yẹ kí ẹ ti wá tipẹ́. Tí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ àǹtí, kò ní pẹ́ tí ẹ̀yin méjèèjì á fi máa rojọ́ ara yín fún mi.

Ní ti màmá, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ wí. Mi ò ní àwíjàre kankan. Mo máa wá, Bàbá, àfi pé mi ò lè sọ ìgbà tó máa jẹ́. Ohun kan wà níbí tí mi ò tíì lè fi sílẹ̀.

Mo ní ìbéèrè kan. Tó bá jẹ́ òkúta funfun, tó kéré, tí èéhù wá ń gùn ún, kí ni ẹ máa ń fi fọ̀ ọ́? Ṣé ọṣẹ ò burú fún un?

Ẹ máa tọ́jú ara yín fún mi. Ẹ má gbé omi tó wúwo.

Èmi ọmọ yín.


Ilé Géètì
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Aláròyé tó di odi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo yí i síwá sẹ́yìn bóyá o kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí. Ìwọ tó jẹ́ pé nígbà tó o wà lọ́mọdé, a máa ń bẹ̀ ọ́ kó o jẹ́ ká sùn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Kí ọkọ rẹ fún mi, sọ fún un pé mo ní àwọn èrò tèmi kì í bú mi.

O ní ohun kan wà níbẹ̀ tó ò lè fi sílẹ̀. Kí ni nǹkan ọ̀hún? Ṣé ẹ̀rọ ìfọṣọ ni?

O bi mí nípa òkúta. Ọṣẹ burú fún un. Omi lásán ni, àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Ìsàlẹ̀ ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kó máa fọ̀ ọ́ lọ sókè, nítorí tó bá jẹ́ òkè lo ti bẹ̀rẹ̀, omi ìdọ̀tí á fa ilà sára ibi gbígbẹ, ilà náà ò sì ní lọ mọ́. Ṣùgbọ́n òkúta ìyá rẹ kì í ṣe funfun, kì í sì í ṣe kékeré. Dúdú ni mo gbé lé e, ó ga dé àyà mi. Ibo lo ti rí funfun? Ọmọ tí mo bí nínú ara mi ò mọ àwọ̀ òkúta tó wà lórí ìyá rẹ̀. Mo gbé lẹ́tà yẹn sílẹ̀, mo lọ gbálẹ̀ níbi tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ó dáa, jẹ́ kí n fún ọ ní ìròyìn. Àwọn ará káńsù ní kí wọ́n tún sàréè àwọn èèyàn ńlá ṣe kí n tó lọ. Wọ́n rán bíríkìlà kan wá, èèyàn dáadáa ni, àfi pé ó máa ń súfèé lórí òkú. A gbé òkúta Olórin sókè kí ó lè da símẹ́ǹtì tuntun sí ìdí rẹ̀. Ohun tá a bá nísàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ àtijọ́, orúkọ Adájọ́ Àgbà ni wọ́n sì gbẹ́ sára rẹ̀, gàdàgbà. A sáré lọ gbé òkúta Adájọ́. Orúkọ Olórin ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. O rántí tí mo máa ń sọ pé kí n tó gba iṣẹ́, ìjì wó igi ńlá kan lu àwọn òkúta yẹn? Àwọn tó wá gbé wọn dìde nígbà náà ló ṣi wọ́n gbé.

Ìyẹn ni pé láti ìgbà tí mo ti ń mú àlejò kiri, orí Adájọ́ ni wọ́n ń kọrin Olórin sí. Àwọn lọ́yà tó ń wá ṣí fìlà, Olórin ni wọ́n ń ṣí i fún. Obìnrin ni Olórin, Adájọ́ yìí kan náà ló sì rán an lọ sẹ́wọ̀n nítorí orin tó fi bú àwọn alágbára. Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Olórin ní ọmọ obìnrin kan tó ṣẹ́ kù, ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, arúgbó ni báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ní oṣù keje ọdọọdún ló máa ń wá láti ìlú mìíràn. Mo máa ń gbé àga fún un, á jókòó, á sọ gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí láàárín ọdún fún ìyá rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí kò lè dáná. Adájọ́ ló ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bíríkìlà ní ká dá òkúta padà sáyè wọn, kí n gbẹ́nu dákẹ́, kí n kàn gbé àga náà síbòmíràn. Kí ni ìwọ rí sí i?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Àwọn méjì ló fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì já lé mi léjìká. Ara mi kì í ṣe tèmi mọ́ tí mo bá fi máa délé. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń fọ òkúta. Mo ti gbọ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ọmọ Olórin yẹn, tèmi ni pé kí ẹ má sọ fún un. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó ti sunkún rẹ̀ níbẹ̀, ara ti tù ú níbẹ̀. Tí ẹ bá sọ fún un, ẹ kàn máa gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà, Bàbá, tó jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó máa rù ú. Ó wúwo, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a máa fi dì í ru àgbàlagbà?

Bóyá ó sì tọ́ kí n sọ èyí kí ẹ má baà máa retí mi. Mi ò ní lè wálé lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀. Yàrá yẹn ṣì wà o. Ẹ bá mi rò ó.

Ọmọ yín.


Ilé Géètì
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mi ò gba ìmọ̀ràn rẹ.

Ìyá àgbà dé. A ti dá òkúta méjèèjì padà sáyè wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, ibi tó máa ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ló kọrí sí láì wo òkúta. Mo sì ti gbé àga síbẹ̀ fún un, ọwọ́ mi ló ṣe é, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, ó padà. Ó jókòó, ó fọwọ́ nu ojú, ó ní, “Ìyá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Mo ní, “Mà, ẹ dúró. Ìyá yín kọ́ ló wà níbí.”

Mo rò ó fún un láti orí igi tó wó.  Ó ní, “Ta wá ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀?”

Mo ní, “Adájọ́ ni, mà.”

“Adájọ́ wo?”

“Èyí tí ẹ mọ̀ yẹn náà.”

Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú mi. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, ọ̀pá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, kò jẹ́ kí ìyá mi rojọ́ tán. Èmi ti rò ó tán fún un, kò sì rí ibi sá lọ.”

Ó wá ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Mo gbé àga, mo dì í lọ́wọ́ mú. Ṣé o mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Gbogbo ohun tó ti sọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó tún un sọ. Mo bi í bóyá inú ń bí i sí mi. Ó ní, “Bàbá Géètì, èyí tí ì bá bí mi nínú ni kí n kú láìmọ̀.”

Arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn nìyẹn o, tí kì í pa ọdún kan jẹ. Ọmọ tèmi tẹ́sẹ̀ rẹ̀ le koko, ó ní òun ò ní lè wá, ó sì ní kí n má béèrè ìdí. Ó dáa. Mi ò béèrè. Mo ti fún àǹtí rẹ lésì pé bí ọdún bá ti parí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Má kọ̀wé yàrá sí mi mọ́. Jẹ́ kó ṣófo.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ẹ jọ̀ọ́.

Nígbà tí màmá ń ṣàìsàn, mo lóyún. Màmá nìkan ni mo sọ fún. Ó ní èmi fúnra mi ni kí n sọ fún yín, kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mo sì ń dúró de ìgbà tí ara màmá máa balẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ pè pé màmá ti lọ, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo ti gbé fóònù yẹn, nílé ìwòsàn tí mo ti ń fọṣọ gan-an. Ọmọ náà ti dé kí ẹ tó pè. Obìnrin ni. Kò sunkún. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, ara rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò mí.

Ọjọ́ tí ẹ fi ń dá àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ dúró, tí ẹ ń wo géètì, ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ mi gbé pósí kékeré kan mọ́ àyà wọ itẹ́ òkú tibí, èmi ń tẹ̀ lé e. Ibi ìsìnkú ni mo wà, Bàbá. Ti màmá kọ́ ni.

Irọ́ ni mo pa pé ibi iṣẹ́ ò yọ̀ǹda mi. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó yín ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ di òkú kejì ru yín? Mo ní tó bá pẹ́ díẹ̀ mo máa sọ. Ó wá pẹ́ díẹ̀, ẹ ti ń bínú, kò sì sí ibi tí mo lè gbà wọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Itẹ́ òkú tibí náà ti pẹ́. Àwọn èèyàn ńlá wà níwájú, ọ̀gágun kan, obìnrin tó dá iléèwé sílẹ̀, ọkùnrin tó ṣe afárá ìlú. Ẹnì kan wà bíi tiyín tó ń mú àlejò kiri, á dúró níbẹ̀, á yí padà. Kì í mú wọn dé ẹ̀yìn, níbi ọgbà, níbi tí àwọn kékeré wà. Níbẹ̀ ni tèmi wà. Òkúta funfun ni. Ọjọ́ nìkan ló wà lára rẹ̀. Wọ́n bi wá pé orúkọ wo ni kí wọ́n kọ, èmi àti ọkọ mi ń wo ara wa, ẹnu wa ò gbé e. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi ni mo máa ń lọ. Òun ni ohun tí mi ò lè fi sílẹ̀. Ọkàn mi máa ń sọ pé tí mo bá wálé, tí nǹkan sì ṣe mí lọ́nà, ta ló máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?

Yàrá tó ṣófo yẹn, tirẹ̀ ni. Àwa méjèèjì la fọwọ́ ara wa kùn ún.

Ẹ ní ìyá àgbà sọ pé inú ì bá bí òun tóun bá kú láìmọ̀. Mo ka ibẹ̀, mo ká lẹ́tà náà, mo tún ṣí i. Mi ò fẹ́ kí ẹ kú láìmọ̀. Tí ẹ bá ṣì ń lọ sọ́dọ̀ àǹtí, màá fara mọ́ ọn.

Ọmọ yín.


Ilé Géètì
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bá mi sọ fún ọkọ rẹ náà pé mo ní kó pẹ̀lẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún ẹni tí irú èyí bá ṣe pé omi ló dà nù, agbè ò fọ́. Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ. Ọmọ ni, kì í ṣe omi.

Nígbà tí ìyá rẹ wà lórí àìsàn, gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n pè ọ́ kó o máa bọ̀, á ní, “Má pè é, jẹ́ kó sinmi, ẹrù wà lára rẹ̀.” Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Mo tiẹ̀ bá a jà lórí rẹ̀, pé ó ń bà ọ́ jẹ́. Ó wò mí, ó yíjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ká mi lára láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bínú sí ọ, kò sì sí ohun tí o ṣe.

Mo mú lẹ́tà náà lọ sídìí sàréè ìyá rẹ, mo kà á sókè. Etí mi ò gbọ́ ohun tí mò ń kà, ṣùgbọ́n mo kà á dópin. Àwọn àlejò ń dúró dè mí lọ́dọ̀ Atẹ̀wé, mo ní kí wọ́n lọ.

Mo ti sọ fún àǹtí rẹ pé mi ò wá mọ́. Látìgbà náà ló ti ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ ìgbà tó máa dákẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀. Ẹ má fi mí sí yàrá ọmọ, pálọ̀ tó mi. Tí mo bá ti dé, ìwọ wálé wá wo ìyá rẹ, kó o pẹ́ níbẹ̀ bó ṣe wù ọ́. O bi mí pé ta ló máa mọ̀ pé ọmọ náà wà níbẹ̀. Èmi ni. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, títí tí o fi máa padà.

Ẹ̀yin méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, ẹnu yín ò sì gbé orúkọ. Mi ò dá yín lẹ́bi. Èmi ni bàbá àgbà, mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, má sì bínú sí mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọmọ náà gan-an ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ.